Òjìji Inú Àyè Kẹrin

Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ń jó ló pàdé Ylva lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọbẹ̀ ẹ̀wà ni wọ́n sì máa ń jẹ nílé wọn ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó jó. Ó bọ́ bàtà, ó gbọn yìnyín kúrò létí ṣòkòtò, ó sáré wọ ilé ìdáná tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Dagny, ìyá rẹ̀, dúró níwájú fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìkòkò ń rú èéfín lẹ́yìn òun.

"Màmá! Ọbẹ̀ ti jó!"

"Jẹ́ kó jó." Dagny kò yíjú. "Jókòó. Rárá, kọ́kọ́ pa iná yẹn ná. Àwọn olóòtú jọ́nà kọ̀wé sí mi."

Ylva pa iná. Ó mọ jọ́nà tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Granvik, ìlú kékeré wọn lápá àríwá? Ọdún méjì sẹ́yìn ni Dagny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ewéko gbé àpilẹ̀kọ kan jáde níbẹ̀, nípa ọkà báálì àti ohun tó ń jẹ́ kí irú kan lára rẹ̀ la òtútù já nígbà tí irú mìíràn ń kú. Àpilẹ̀kọ yẹn ló sọ Dagny di olórí iṣẹ́ ìwádìí ńlá tó ń lọ lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí kò kí i rí ti ń dá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti béèrè ìgbà tí irúgbìn tuntun máa jáde.

"Wọ́n ní àwọn kan lókè òkun ti tún iṣẹ́ wa ṣe, kò sì rí bó ṣe rí lọ́wọ́ wa. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ yẹ àwọn àwòrán wa wò. Wọ́n ní àwòrán kẹta kì í ṣe ojúlówó, pé ẹnì kan ti fọwọ́ rá a."

Ọwọ́ Ylva dúró gbagidi lórí ìdérí ìkòkò. "Àwòrán kẹta wo?"

"Èyí tó ní ìlà dúdú yẹn. Àyè mẹ́fà. Wọ́n ní àyè karùn-ún àti àyè kejì, nǹkan kan náà ni, wọ́n kàn yí i sódì ni. Wọ́n tún ní wọ́n nu nǹkan kúrò nínú àyè kẹrin." Dagny wá yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Ylva. Ta ló lè ṣe irú èyí sí mi?"

Ylva ń fi ìgbákọ ha ìdí ìkòkò bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn.

"Henning ló ya àwòrán yẹn," ni Dagny wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni Henning. "Òun ló yà á, òun ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ kàn bá mi to lẹ́tà A, B, C sórí ẹ̀ ni, àbí?"

Ylva bu omi sínú ìkòkò náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Nígbà tí àwọn olùwádìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá purotéènì kan wà nínú ewé, wọn á lọ ewé náà, wọn á da omi rẹ̀ sínú nǹkan kan tó rọ̀ tó sì ń dán bí ẹ̀kọ tútù, wọn á sì ya àwòrán rẹ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú àwòrán náà. Bí purotéènì náà bá wà níbẹ̀, ìlà dúdú á hàn nínú àyè rẹ̀. Bí kò bá sí, àyè náà á funfun báláú. Àyè kẹrin ni ti ọkà báálì tí wọ́n ti yọ jíìnì kan, ìyẹn ohun àbínibí tó ń pàṣẹ pé kó ṣe purotéènì náà, kúrò lára rẹ̀. Gbogbo àpilẹ̀kọ Dagny dúró lórí pé àyè kẹrin ṣófo.

Oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú èyí tí àpilẹ̀kọ náà jáde, nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin péré kù kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá Dagny dùbúlẹ̀. Ylva jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹni tó mọ àwòrán tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó o nínú kíláàsì wọn. Òun ló máa ń bá gbogbo wọn nu rorẹ́ kúrò lójú kí wọ́n tó gbé fọ́tò wọn síta. Ìyá rẹ̀ fi àwòrán méjìlá ránṣẹ́ sí i láti orí ibùsùn: "Bá mi gé wọn kí wọ́n dọ́gba, kí o to lẹ́tà sí wọn. Jẹ́ kó mọ́ tónítóní o."

Ylva jẹ́ kó mọ́ tónítóní. Atẹ́gùn ti há sínú àyè karùn-ún, ó ṣe é ní àmì funfun ràgàjì. Ó da àyè kejì kọ, ó yí i sódì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú àyè kẹrin, òjìji kan wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìgbà tí ọwọ́ ẹlẹ́rùpẹ̀ bá kan aṣọ funfun. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì nù ún. Gbogbo ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Dagny fi ojú ibà wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ó mà dára o," ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Àwọn mẹ́rin yòókù tí orúkọ wọn wà lórí iṣẹ́ náà wò ó fìrí, wọ́n ní ó dára.

Láti Ọjọ́bọ̀ tí ọbẹ̀ jó yẹn lọ, ìdí Ylva kò gba ìjókòó mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó ń de pákó mọ́ ẹsẹ̀, ó ń fi ọ̀pá yọ̀ lórí yìnyín lẹ́yìn ilé ìwé títí èémí rẹ̀ fi ń ké bí fèrè. Ó ń ṣí ìwé kẹ́mísírì, yóò ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin láìmọ ohun tó kà. Ó ń tún yàrá tó ti tún ṣe tún ṣe. Ohun mìíràn sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún òun alára: wọ́n ti mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí yóò lo ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ní ilé ìwádìí ewéko. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ló ti ń fojú sọ́nà fún un.

Tindra, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n jókòó síbi oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé, Ylva sì ti fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀dùnkún rẹ̀ títí ó fi di ẹ̀bẹ.

"Kí ni ọ̀dùnkún yẹn ṣe ẹ́?" ni Tindra béèrè. "Ojú ẹ rí bí ojú ẹja gbígbẹ láti ìjẹta. Ṣé ọkùnrin ni?"

"Ọkùnrin wo?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ẹ́!"

Ylva rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di omijé lójú ẹsẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tindra gbọ́ ọ títí, ó pa búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì.

"Ṣé o ṣì ní àwọn àwòrán àkọ́kọ́ yẹn?"

"Wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Méjìlá ni wọ́n."

"Ta tún ló ní wọn?"

"Kò sí. Ti Henning bà jẹ́ lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n kó yàrá ìwádìí lọ síbòmíràn. Ẹ̀rọ tó fi ń kó nǹkan pamọ́ jábọ́. Ti Màmá sì ni wọ́n gbà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà gbogbo ibi iṣẹ́."

Tindra na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ti yanjú ìṣirò. "Ó tán nìyẹn! Lọ sílé, pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀rí ò sí, ẹjọ́ ò sí. Ylva, àwòrán ewé ni o! Ṣé èèyàn lo pa ni? Ìwé tí èèyàn mẹ́wàá péré ń kà láyé yìí."

"Henning ni wọ́n ń fura sí."

"Henning ti dàgbà. Ó lẹ́nu, á gbẹjọ́ ara ẹ̀ rò. Ìwọ ńkọ́? Tí wọ́n bá lé màmá ẹ lẹ́nu iṣẹ́, ṣé Henning ló máa bọ́ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Nígbà tí Ylva délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó yọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà jáde lábẹ́ ibùsùn, ó nu eruku orí rẹ̀, ó tàn án. Àwọn àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀, méjèèjìlá. Ó ṣí ìkẹta. Òjìji inú àyè kẹrin ń wò ó. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Nígbà tó yá, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré kan tí kò ju ìka lọ, ó tì í bọ àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Kò pa wọ́n rẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá ti ki ọwọ́ bọ àpò ni ohun náà ń pàdé ìka rẹ̀, àfi bí òkúta inú bàtà.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, Henning wá gbé e lọ síbi ẹja pípa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́dọọdún. Ará Skåne ní ìsàlẹ̀ gúúsù ni Henning, èdè ìlú rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn ará Granvik máa ń ní ọ̀dùnkún gbígbóná ló fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun ló kọ́ Ylva bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò sójú adágún tó dì, òun ló sì kọ́ ọ ní ìṣirò tí olùkọ́ rẹ̀ kò rójú kọ́ ọ. Bàbá Ylva ti bá tirẹ̀ lọ láti ìgbà tó wà ní kékeré. Bí ẹnì kan bá wà tó dà bí àbúrò ìyá fún un, Henning ni.

Oòrùn mú lórí yìnyín débi pé wọ́n ní láti fún ojú pọ̀. Wọ́n tẹ́ awọ, wọ́n jókòó, wọ́n ju ìwọ̀ sínú ihò. Henning bu kọfí, ó já wàràkàṣì sínú rẹ̀ bí àwọn ará àríwá ṣe ń ṣe.

"Ẹ ò bú mi lónìí," ni Ylva wí. "Mo ju ìwọ̀ bí ẹni ju òkò, ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Ẹja ibí ti mọ̀ ẹ́. Wọ́n mọ̀ pé o ò lè pa wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Ilé ìwádìí kan ní Denmark kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní kí n ṣì mú sùúrù lórí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún mi, títí ọ̀rọ̀ àwòrán yìí á fi lójú."

"Ṣé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

"Wọn ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan." Ó mi okùn ìwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iṣẹ́ ló ń dùn mí jù, Ylva. Mo mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kan àwòrán yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àmọ́ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti ń wò ẹ́ báyìí, tí wọ́n ń bi ẹ́ léèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí o ò sì ní ẹ̀rí… Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ni mo ṣe é lóòótọ́, tí mo wá gbàgbé. Mo lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó bá mi wo ọpọlọ mi."

Ọwọ́ Ylva wà nínú àpò. Ohun kékeré náà wà láàárín ìka rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Henning…"

Okùn Ylva fà. "Ó ti mú un! Fà á, fà á!" ni Henning kígbe, ó sì dìde. Wọ́n fa ẹja náà jáde, ó ń jà pìtìpìtì lórí yìnyín, Henning sì rẹ́rìn-ín tinútinú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ylva kò lè ba ẹ̀rín náà jẹ́. Bó ṣe sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Lójú ọ̀nà sílé ló tó mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló dí òun lẹ́nu, kì í ṣe àánú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dagny ti ibi iṣẹ́ dé, ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ó ń wá bírò nínú àpótí. "Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ wa máa jókòó. Ọ̀gá ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Ó ku kí n fọwọ́ sí i."

Ylva ka ìwé náà láti ẹ̀yìn èjìká ìyá rẹ̀. Ó kà á dé ibi tó sọ pé Henning nìkan ló fọwọ́ kan àwòrán kẹta kó tó di ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Irọ́ ni. Èmi ni." Ó yọ ohun kékeré náà lápò, ó gbé e sórí ìwé. "Àwòrán ọjọ́ náà nìyí. Mo da àyè kejì kọ sórí ìkarùn-ún. Mo nu àyè kẹrin. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ bi mí lọ́jọ́sí, mo sì purọ́ fún yín."

Dagny kò pariwo. Ó jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ohun tó wà lórí ìwé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ylva fi ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ.

"Ta tún ló mọ̀?"

"Tindra."

"Yàtọ̀ sí Tindra?"

"Kò sí."

Ìyá na ọwọ́ sí ohun kékeré náà. Ylva ló kọ́kọ́ mú un.

"Fún mi, Ylva."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"O ò mọ ohun tó ń bọ̀! Wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi gbé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á béèrè ìdí tí mi ò fi fi wé ti àkọ́kọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ibà ń ṣe mí? Wọ́n á gba iṣẹ́ ìwádìí yẹn lọ́wọ́ mi. Wọ́n á yọ orúkọ tìẹ náà kúrò nínú ti ẹ̀ẹ̀rùn. Fún mi!"

"Mi ò ní fún yín tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa á rẹ́." Ylva di ohun náà mọ́wọ́ gírígírí. "Henning ti lọ rí dókítà, Màmá. Ó rò pé orí òun ti ń dà rú."

Dagny fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bọ́ sórí yìnyín tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Láti ojú fèrèsé, Ylva rí i tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín igi méjì tó wà lẹ́yìnkùlé, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, omi ń kán lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìwé orí tábìlì, ó fà á ya sí méjì.

"Gbé kọ̀ǹpútà wá," ló wí. "Jẹ́ ká wo gbogbo ẹ̀."

Wọ́n jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń fi àtijọ́ wé tuntun. Nígbà tí wọ́n dé àyè kẹrin, Dagny sún mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó mú kí òjìji náà tóbi sí i, ó tún mú un tóbi.

"Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí," ló wí níkẹyìn. "Ìlà ni. Ó kéré ni, àmọ́ ìlà ni. Ọkà yẹn ṣì ń ṣe purotéènì náà díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tó ń gbà ṣe é, a ò mọ̀. Ká ní mo rí i ni…" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Birger Lidvall, ọ̀gá ilé ìwádìí náà, jókòó sídìí tábìlì gígùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta, Henning sì wà ní ìkángun, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ fún ayẹyẹ. Dagny fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ylva ní òun lòun máa sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ohun tó ṣe, bó ṣe ṣe é, àti pé ó ti ní ẹ̀rí lápò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìmú un jáde.

Ìyá rẹ̀ wá fi tirẹ̀ kún un. "Ọmọ ló fọwọ́ kàn án, èmi ni mo gbé e fún un. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, orúkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ."

Ojú gbogbo èèyàn yí sí Henning. Kò wo Dagny. Ylva ló ń wò.

"Ó wà lápò ẹ lórí adágún?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Nígbà tí mò ń sọ fún ẹ nípa dókítà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú o," ni Henning wí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dìde, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ó jáde. Bó ṣe ń lọ kò fi ilẹ̀kùn gbá, ìyẹn gan-an ló sì dun Ylva jù.

Ìjìyà náà wá bí Dagny ṣe bẹ̀rù pé yóò wá. Wọ́n gba ipò olórí iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ Dagny fún ọdún méjì, wọ́n sì kọ ìbáwí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lidvall pe Ylva, ó sọ fún un pé àyè rẹ̀ nínú ti ẹ̀ẹ̀rùn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ará Denmark gbọ́ pé ọwọ́ Henning mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ kan ṣáájú ìjókòó ìgbìmọ̀. Bí Ylva bá ti sọ̀rọ̀ lórí adágún, ìbá ti bá a. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ka ọjọ́.

Tindra gbọ́, ó ní, "Mo sọ fún ẹ." Lẹ́yìn náà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa. "Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ ojú ẹ ti kúrò ní ti ẹja gbígbẹ."

Àtúnṣe alára kò rọrùn. Jọ́nà náà kò gbà kí wọ́n kàn fi àwòrán àtijọ́ rọ́pò tuntun. Wọ́n ní kí wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tí kò sí lára wọn. Dagny gbin ọkà báálì tuntun, ó fi wọ́n sínú òtútù, ó lọ ewé, ó ya àwòrán, ó tún yà á. Henning ló bá a ṣe é. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ylva, tí kò sí lára àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá mọ́, lo ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fọ abọ́ ìgbìn, ó sì ń kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ya àwòrán sára gbogbo àwòrán, kí wọ́n má bàa sọnù mọ́. Henning a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kí i, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó di ìparí oṣù kẹjọ kó tó dúró.

"Mi ò tíì lè bá ẹ ṣàwàdà bíi tàtijọ́," ló wí. "Àmọ́ mo ti ń sùn báyìí. Mo fẹ́ kí o mọ̀."

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà ń yọ nínú àyè kẹrin.

Oṣù kẹwàá ni àtúnṣe náà jáde. Kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ, àti àwòrán kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ló yí àwòrán kẹta padà, pé Dagny Åkerlund tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò fi wé ojúlówó, pé Henning kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àti pé apá kan nínú ohun tí wọ́n sọ nípa jíìnì náà kò rí bẹ́ẹ̀. Olóòtú ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n kàn pè é ní àṣìṣe. Dagny ló kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀," ló wí fún un.

Ylva rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Dagny pè é wá síwájú kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan ní Scotland ló kọ̀wé, Eilidh Rennie lorúkọ rẹ̀. Òun náà ti gbìyànjú láti tún iṣẹ́ wọn ṣe.

"Ọdún kan àtààbọ̀," bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà wí, "ni mo fi ṣe iṣẹ́ yín ní àṣetúnṣe, ìlà kan sì ń yọ níbi tí ẹ ní kò sí nǹkan kan. Mo fọ gbogbo abọ́ mi. Mo pààrọ̀ oògùn. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ni kò mọ́. Nígbà tó yá, èmi náà gbà á gbọ́. Mo fi yunifásítì sílẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà òdòdó báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi àtúnṣe yín hàn mí lánàá. Mo kà á, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Ìlà yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ mi mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ó wù mí kí ẹ ti sọ ọ́ ṣáájú."

Ylva kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí obìnrin náà rí. Kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òun fi nu òjìji kan kúrò nínú àwòrán ti wọ inú ayé obìnrin náà, ó sì ti yí i padà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Ṣé kí n dá a lóhùn?" ló béèrè.

"Ìwọ ni kí o dá a lóhùn," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì dìde kúrò lórí àga fún un.

Ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí lè má fọwọ́ kan àwòrán ewé títí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní rí ibi tí nǹkan kan kò ti dára tó lójú, tí ọwọ́ á sì máa yún un láti nù ún: máàkì ìdánwò, èsì iṣẹ́ yàrá ìwádìí, ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ẹlòmíràn. Ká fi í sílẹ̀ bó ṣe rí ló dára jù. Bí a bá sì ti ṣi ọwọ́ lò, kí a tètè sọ ọ́, torí gbogbo ọjọ́ tí òtítọ́ bá fi wà nínú àpò wa, ẹnì kan wà níbì kan tó ń san owó rẹ̀.